Afárá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nípa ìrìn àjò náà kì í ṣe ohun tí mo fojú rí níbẹ̀. Ẹni tó bá mi lọ ni wọ́n ń béèrè. Bí mo bá sì ti dáhùn pé èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó yẹn, láàárín gbùngbùn òjò oṣù Agẹmọ, ojú wọn á yí padà. Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀. "Ìwọ nìkan ṣoṣo? Nínú òjò? Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá kiri?" Wọ́n wá fi òwe tí wọ́n ti ń pa fún wa láti kékeré tì í lẹ́yìn: àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bí ọká bá síwájú, tí erè tẹ̀lé e, tí paramọ́lẹ̀ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n?

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. N kò rí àbùkù òwe náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, ohun kan ni kò jẹ́ kí n lè fi gbogbo ẹnu sọ pé mo dá rìn. Obìnrin kan ni, àti ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lórí afárá, ohun tí kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo lè wà nídìí oúnjẹ, mo lè wà nínú ọkọ̀, kí ọwọ́ obìnrin náà ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn.

Àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà ni ibẹ̀ wà, ní ìpínlẹ̀ Meghalaya, lórí òkè àwọn ẹ̀yà Khasi. Òjò wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Èkó tí a ń pariwo òjò rẹ̀, tí omi ń lé àwọn ènìyàn jáde nílé, òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í sábà ju 2,000 mìlímítà lọ. Ní Mawsynram, abúlé kan lórí òkè Khasi, ìpíndọ́gba òjò ọdún kan lé ní 11,800 mìlímítà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, èyí tó rọ̀ níbẹ̀ láàárín wákàtí 24 péré lé ní 1,000 mìlímítà. Cherrapunji tó múlé gbè é, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Sohra, ló ni àkọsílẹ̀ òjò ọdún kan tí kò tíì sí irú rẹ̀ láyé: láti oṣù Kẹjọ ọdún 1860 títí dé oṣù Keje ọdún 1861, 26,461 mìlímítà ni wọ́n wọ̀n.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Afẹ́fẹ́ tó ru omi láti orí òkun Bengal a máa fẹ́ gba orí ilẹ̀ Bangladesh tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ohun tí yóò dí i lọ́nà títí yóò fi forí sọ òkè Khasi. Níbẹ̀, àfi kó gòkè. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, bó sì ti ń tutù ni agbára rẹ̀ kò ká ẹrù omi náà mọ́. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé òjò wá bá àwa náà láti orí òkun Àtìláńtíìkì; òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ ni kò dúró dè é létí òkun tiwa.

Àwọn tó mọ ibẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá ti fà, tí omi rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí àtẹ̀gùn kò sì ní máa yọ̀. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n òjò ló bí ohun tí mo fẹ́ lọ wò. Bí kì í bá ṣe òjò tó ń sọ odò kékeré di ẹhànnà, tó ń gbá afárá oparun lọ lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí ì bá ronú kan gbòǹgbò igi láti fi ṣe afárá. Mo fẹ́ rí afárá náà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbìn ín ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Láti Tyrna, níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí, àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì ló kù. Ó lé ní 3,000 kó tó dé abúlé Nongriat nísàlẹ̀ àfonífojì. Ewédò ti bo òmíràn. Igi areca, ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga fíofío, ló wà lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú igi tí wọ́n ń já ewé olóòórùn dídùn tí a máa ń fi sínú ìrẹsì lára rẹ̀. Igbó náà kò dákẹ́. Omi ń kán, omi ń ṣàn, omi ń ti ara òkúta tú jáde. Ewé gbàgẹ̀rẹ̀ a gba òjò, a tẹ̀, a dà á sórí ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn náà a tẹ̀. Eṣúṣú ti lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọ inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo tó wolẹ̀. Eékún mi ti ń gbọ̀n kí n tó dé ìdajì ọ̀nà. Ní ibi méjì, afárá wáyà irin ló gbé mi kọjá odò, tí wáyà ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí omi sì ń hó láàárín àwọn òkúta ńláńlá nísàlẹ̀ débi pé bí mo bá pariwo, èmi gan-an kò ní gbọ́ ohùn ara mi.

Mo dá wà ní tòótọ́ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, mi ò sì ní purọ́ pé kò dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá dá rìn nínú òjò, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á tán nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù ni ẹsẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ kàn. Mo ti rìn pẹ̀lú èrò púpọ̀ rí, mo mọ bí ìtàkúrọ̀sọ ṣe ń sọ ọ̀nà di kúkúrú. Lọ́jọ́ yẹn, n kò fẹ́ kí ọ̀nà kúrú.

Afárá Nongriat jẹ́ méjì lórí ara wọn, lórí odò Umshiang. Igi kan náà ló bí wọn. Wọ́n ní èyí tó wà nísàlẹ̀ ló dàgbà. Nígbà tí omi kún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fa gbòǹgbò mìíràn gba òkè. Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, omi funfun ń ru gùdù lábẹ́ èyí ìsàlẹ̀, ó ń ta sórí afárá. Gbòǹgbò tó nípọn tó itan àgbàlagbà, gbòǹgbò tó tó ọrùn ọwọ́, gbòǹgbò tó tó ìka, gbogbo wọn ló lọ́ mọ́ra wọn. Àárín wọn ni òkúta pẹlẹbẹ wà fún ẹsẹ̀. Ohun gbogbo tutù, ohun gbogbo dúdú, ewé hù lára apá ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Mo dúró sí ẹsẹ̀ afárá, n kò tíì gbé ẹsẹ̀ lé e.

Obìnrin náà ti òdìkejì ń bọ̀. Ó gbé knup sẹ́yìn, ohun tí wọ́n fi oparun àti ewé hun láti fi gba òjò, tó bo orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ títí kọjá ìbàdí, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi wà lófìfo. Abẹ́ rẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ igi ìdáná wà, tí okùn rẹ̀ gba iwájú orí rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wo ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé nǹkan bí àárín, gbòǹgbò kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí kò tó ìka, rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí rẹ̀ pupa díẹ̀. Ó mú un. Ó tì í gba abẹ́ gbòǹgbò àgbà kan, ó yí i ká ẹ̀ẹ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ bọ inú àlàfo. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì bóyá yóò dúró. Ó dúró. Obìnrin náà sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó mirí, ó kí mi pé "Khublei," ó kọjá.

Kò wò mí bóyá mo rí i. Kò ṣe bí ẹni tó ṣe nǹkan. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.

Igi tó ń ṣe afárá yìí, Ficus elastica lorúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀, ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ tiwa ni. Ìwà rẹ̀ ni pé láti ara ìtì àti ẹ̀ka lókè ló ti ń yọ gbòǹgbò, tí gbòǹgbò náà á máa rọ̀ wálẹ̀, á máa wá ilẹ̀ kiri. Àwọn Khasi a gbìn ín sí etí odò. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti gùn díẹ̀ tó ṣì rọ̀, wọ́n á fà á gba orí oparun tí wọ́n nà sórí omi, tàbí kí wọ́n tì í bọ inú ìtì areca tí wọ́n ti gbẹ́ ihò sí, kó lè máa dàgbà lọ sí òdìkejì láì sọ̀ sílẹ̀. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà. Gbòǹgbò tó bá ti le, ọwọ́ kò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá dé òdìkejì, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, òmíràn á tẹ̀lé e. Wọ́n á lọ́ wọn, wọ́n á so wọ́n, wọ́n á kó òkúta àti ewé àti erùpẹ̀ sáàárín wọn. Ibi tí gbòǹgbò méjì bá ti ń fara ro ara wọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á di ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá náà ń ṣiṣẹ́: òun ló ń tẹ erùpẹ̀ wọ inú àlàfo.

Kí afárá bẹ́ẹ̀ tó lè gba ènìyàn, ó lè tó ọdún 15, ó lè tó 30. Ní gbogbo àkókò yẹn, oparun ni wọ́n ń gbà kọjá, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ti ń jẹrà. Lẹ́yìn náà, níwọ̀n ìgbà tí igi bá wà láàyè, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, ṣe ló ń lágbára sí i. Henry Yule, Òyìnbó kan tó jẹ́ ológun àti ẹnjiníà, kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1844, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Ní ọdún 2019, Ferdinand Ludwig, ayàwòrán ilé kan ní Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí 74 nínú wọn. Inú mi dùn pé àwọn ayàwòrán ilé ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí gbòǹgbò ṣe ń so pọ̀ ló ń jà mí lọ́kàn.

Ọjọ́ wo ni afárá náà di afárá? Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ìlú a máa ní ọjọ́ ìṣíde. Wọ́n á ta ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á gé e, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó gé e sára òkúta, a ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. N kò kórìíra rẹ̀. Ènìyàn fẹ́ràn kí iṣẹ́ ní òpin tí a lè fi ìlù pè. Àmọ́ afárá gbòǹgbò kò lè ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ẹnì kan ti ní láti fi oparun sílẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé gbòǹgbò. Bóyá ọmọdé kan tí ń sáré ni, tí kò tilẹ̀ fi ojú sí i. Kò sì parí lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì parí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn fi àtàǹpàkò tẹ̀ bọ àlàfo, ara kíkọ́ afárá ni, bó ti wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìtàn àwọn tó ń gbin ohun tí wọn kò ní jẹ, bí ìtàn ìfara-ẹni-rúbọ la máa ń sọ ọ́. A ó ní àwọn àgbà ta ara wọn lọ́rẹ nítorí ọmọ tí a kò tíì bí. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi òkú sísin, mo ti gbọ́ tí wọ́n fi yin ẹni tí kò gbin ohunkóhun. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò fi ohunkóhun rúbọ. Ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ń lọ. Igi ìdáná tirẹ̀ ló rù. Afárá tó ń tọ́jú ni afárá tó ń gbé e lọ́wọ́ náà. Ohun tó yẹ kí n rí níbẹ̀ kò le: ẹni tó ń kọjá ló ń kọ́ afárá, kò sì dúró de ọjọ́ kan tí yóò dìde lọ ṣe oore. Ó san ohun tó jẹ lójú ẹsẹ̀, lẹ́nu kíkọjá, kó tó dé òdìkejì.

Bàbá mi ní oko obì. Kì í ṣe òun ló dá a. Bàbá tirẹ̀ ló gbin èyí tó pọ̀ jù, owó gbàǹja tí àwọn Hausa ń wá kó lọ sí Òkè Ọya ni wọ́n fi rán an lọ sílé ìwé. Mo rántí ìgbà tó ń gbin tuntun dí àyè àwọn tó ti kú. Ara rẹ̀ kò le mọ́ nígbà náà. Obì kì í kánjú. Ọdún 7 lè kọjá kí ènìyàn tó rí èso kan lórí rẹ̀, kó sì tó máa so dáadáa, ó lè di ìlọ́po méjì. Èmi ni mo ń gbé garawa omi. Mo bi Bàbá léèrè pé ta ni yóò ká a. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà bomi sí i." Mo rò nígbà náà pé ọ̀rọ̀ mi ni wọn kò fẹ́ dá lóhùn. Wọ́n tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀, wọ́n bọ́ sídìí èkejì, ọwọ́ òsì wọn kún fún obì tí wọ́n ti ṣà nílẹ̀ bọ̀ láti ìdí igi bàbá wọn.

Ọwọ́ òsì yẹn ni n kò fi kún ìtàn náà nígbàkúùgbà tí mo bá ń sọ ọ́. Bí wọ́n ti ń gbìn ni wọ́n ń ká.

Àwọn Khasi náà ní tiwọn tí wọ́n fi ń gba àlejò, bí àwa ṣe ń fi obì gbà á. Kwai ni wọ́n ń pè é, èso areca tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ewé àti ẹfun díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà mí sílé lóru ọjọ́ yẹn ní Nongriat fi fún mi, ó rẹ́rìn-ín nígbà tí òógùn bò mí. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ wo afárá kan tí kò tíì di afárá. Ó ní ìdílé ìyá òun ló ni ín. Lọ́dọ̀ wọn, orúkọ ìyá ni ọmọ ń jẹ́, ọmọbìnrin tó kéré jù lọ ló sì ń jogún ilé. Oparun ló ṣì ń gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò mẹ́ta kan tí kò nípọn ju okùn ìfami lọ wà lára rẹ̀, ọ̀kan ti dé òdìkejì, ó ti wọlẹ̀. Mo bi í bóyá ó rò pé òun yóò gbà á kọjá. Ó wo gbòǹgbò náà, ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ṣàjèjì sí. Ó ní òun ń gbà á kọjá lójoojúmọ́.

Mo ń ṣọ́ra kí n má sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Bóyá ìfẹ́ igi kọ́ ló bí afárá yìí bí kò ṣe pé wọn kò ní ohun mìíràn. Oparun ń jẹrà, omi ń gbé e lọ, irin jìnnà, ó sì wọ́n. Irin pàápàá ń dípẹtà nínú òjò bẹ́ẹ̀. Níbi tí wáyà irin bá ti dé, àwọn abúlé kan kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú gbòǹgbò mọ́, ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi? Mọ́tò kò dé Nongriat. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n ń gbé e gba orí àtẹ̀gùn tó lé ní 3,000 yẹn gòkè. Èmi tí mo wá láti ọ̀nà jíjìn, tí mo fẹ́ kí nǹkan wà bó ti wà kí ojú mi lè rí i, n kò ní ẹnu láti bá wọn jiyàn lórí irin. Àwọn ọmọ tó mọ ìwé ti ń lọ sí ìlú Shillong. Àlejò sì ń pọ̀ sí i. Abúlé ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wa fún ìtọ́jú, owó náà sì wúlò. Ní ọdún 2022, wọ́n kọ orúkọ àwọn afárá náà sínú ìwé àwọn ohun tí Íńdíà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún àgbáyé. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù kan sì ń bà mí pẹ̀lú.

Ẹ̀rù náà nìyí. Lórí òkè Khasi kan náà, ní Mawphlang, igbó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ewé kan jáde nínú rẹ̀. Àwa náà mọ irú rẹ̀. A ní igbó orò, a ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO gbà wọlé ní 2005, tí ìrókò rẹ̀ ṣì dúró nítorí pé wọ́n ní kí ọwọ́ má kàn án. Èèwọ̀ ló dá igbó bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀nà kan nìyẹn láti fi pa nǹkan mọ́, ọ̀nà àgbà ni. Afárá gbòǹgbò kò lè wà láàyè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ọwọ́ má kàn án mọ́, tí wọ́n fi okùn dè é yíká kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó lókèèrè, ọjọ́ náà ni gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí ibi tó wù ú. Ọwọ́ ló dá a sí. Èwo nínú ohun tí a ń pè ní àṣà ni igbó Mawphlang, èwo ni afárá Nongriat? Èdè wa yìí ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó bá ṣì í sọ wí, títí ọmọ náà fi pa ẹnu dé.

Ọdán ọjà wa, ẹ̀rọ ayùn ló gé e, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta elùbọ́ wà lábẹ́ agbòòrùn báyìí. Ta ló gbin ọdán yẹn? N kò gbọ́ orúkọ ẹnì kan rí. Wọ́n ṣáà jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbá ìdí rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀ka tó bá rọ̀ jù. Mo ti sọkún nítorí igi yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn tó gé e nìkan ni mo ń rò. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti àwa tí a ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láì ṣẹ́ ẹ̀ka kan.

Bí mo bá sì tún padà sórí òwe ìyá mi, ọká, erè àti paramọ́lẹ̀, mo rí i pé kò sọ pé ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n rìn. Ẹni tó síwájú lè ti kọjá láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó tẹ̀lé e ni ẹni tó tẹ òkúta pẹlẹbẹ náà mọ́ àárín gbòǹgbò. Èmi ni mo wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ òjò tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù. Bóyá ohun tó ń jẹ ejò níyà gan-an ni pé kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ejò tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo ń padà gòkè, mo dúró lórí afárá náà, mo wá ibi tí obìnrin yẹn fi gbòǹgbò sí. Mo rí i. Ọ̀kan mìíràn rọ̀ nítòsí rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, mo sì dá ọwọ́ mi padà, nítorí n kò mọ èwo nínú àwọn àgbà ló yẹ kó gbà á, orí rẹ̀ tó pupa yẹn sì lè ṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ní ẹ̀tọ́ àtifọwọ́ kàn án. Ibi tí ọwọ́ mi ti mọ ohun tó ń ṣe wà lápá ibòmíràn.

Ẹnì kan fẹ́ ra oko obì bàbá mi. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, títì tuntun ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, owó tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe kékeré. Àbúrò mi tó wà nílé ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo pè é, mo sọ ohun gbogbo tí mo ti kọ sókè yìí fún un, bóyá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín o. Ṣùgbọ́n ta ló ń roko níbẹ̀? Igi tó ti kú ń lọ sí ìdajì. Ẹ ti wọ inú oko náà láti ìgbà tí a ti sin Bàbá?" Ó ní owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò mọ̀ pé obì ń pẹ́ so.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò tí ọwọ́ kò kàn mọ́ ni oko yẹn, èmi náà sì wà lára ọwọ́ tí kò kàn án. N kò lè wà lókèèrè kí n máa sọ ọ́ di igbó èèwọ̀ fún ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti ní kó ta apá ojú títì, kó fi ìpín tèmi nínú owó náà kún owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kó sì fi apá odò sílẹ̀, níbi tí àwọn igi tí Bàbá gbìn gbẹ̀yìn wà. Mo ní èmi yóò máa wá roko níbẹ̀ fúnra mi, kí ó bá mi wá ọmọ obì tí a ó fi dí àyè àwọn tó kú. Ó ní òun yóò rò ó. Kò tíì dá mi lóhùn.